Abọ́ Erùpẹ̀ Bàbá

Àtìní, 4 oṣù kẹta

A gbé Bàbá dé láti ọsibítù lọ́sàn-án yìí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún, wọ́n fi báńdéèjì dì í pinpin. Ojú òsì ti kú tipẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ojú kan tó kù yìí ni gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé. Dókítà ní omi ò gbọdọ̀ kan ojú náà, kò gbọdọ̀ forí kanlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí sí ìkẹta. Dókítà ò mọ ẹni tó ń bá wí.

Kò tíì jókòó dáadáa tó ti ní àkókò ìrun ti tó. Níwọ̀n ìgbà tí òun ò lè fi omi ṣe àlùwàlá, kí n lọ bu erùpẹ̀ wá, òun á ṣe tàyámọ́mù. Inú ọgbà òun lẹ́yìnkùlé ni kí n ti bù ú, lẹ́bàá ata. Mo gbé abọ́, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Kò sí ọgbà. Sìmẹ́ńtì ni, láti ara ògiri dé ara ògiri, kò tíì gbẹ tán, ojú ibi tí bíríkìlà fi irin rẹ́ ẹ ṣì hàn. Ata, tòmátò, gbogbo ohun tí Bàbá àti Màmá wa olóògbé ti ń gbìn síbẹ̀ láti kékeré mi — wọ́n ti lọ ráúráú. Mo dúró síbẹ̀ tàbọ́tàbọ́ bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀.

Mo-Ti-Ṣe-É ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé òkè. Orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Ó ní nígbà tí a wà ní ọsibítù ni òun pe bíríkìlà, kí Bàbá má baà máa fẹsẹ̀ kọ ebè, kí òun náà sì ríbi gbé mọ́tò sí. “Mo ti ṣe é náà,” ló wí. “Má sọ fún un o. Dókítà ní kò gbọdọ̀ bínú.”

Mo lọ bu erùpẹ̀ nínú ìkòkò òdòdó aránṣọ, ilé kejì sí wa. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, ó rọra fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Ó ní ilẹ̀ òun ti rọ̀ sí i o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àtàlátà, 5

Wàhálà oúnjẹ. Mo gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

“Ọlọ́hun ní nínú Àlùkùránì pé kí ènìyàn wo oúnjẹ rẹ̀,” ó wí. “Èmi ò lè wò. Bá mi wò ó.”

Mo ní ẹ̀wà ni. Ó ní ẹ̀wà wo? Mo ní ẹ̀wà, Bàbá, ẹ̀wà. Ó ní ṣé gbogbo rẹ̀ tóbi dọ́gba, ṣé ojú dúdú rẹ̀ ṣì wà, ṣé ó ti lanu. Mo wò ó. Ó ti lanu. Ó ní ta ló kọ́ ọ láti lanu? Mo ní iná ni. Ó ní nínú ilẹ̀ ńkọ́, níbi tí kò ti sí iná, ta ló ń là á kó tó hù? Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀wà tutù. Mo pẹ́.

Láti òní lọ, Lámèyítọ́ lorúkọ Bàbá nínú ìwé yìí.

Àlàrùba, 6

Ẹyin sísè kan ṣoṣo. A wádìí rẹ̀ bí ẹni wádìí olè.

Jímọ̀, 8

Ó sú mi. Ní ilé ìfọṣọ wa, ẹ̀rọ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi ọṣẹ gba ẹnu ọ̀nà jáde, aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì sì kún ilẹ̀ tí wọ́n ń dúró de áyọ́ọ̀nù. Èmi alábòójútó ni mo ká aṣọ sókè, tí mo ń gbá omi. Ibẹ̀ ni mo ti bá ara mi tí mo ń rò ó pé omi yìí, ojú sánmọ̀ ni Ọlọ́hun ti rọ̀ ọ́ wá, tí àwa ń fi í fọ ọbẹ̀ tí àlejò òtẹ́ẹ̀lì dà sára bẹ́ẹ̀dì. Ta ló fi irú èrò yẹn sí mi lórí? Lámèyítọ́ náà ni. Mo fi í sílé, ó tún tẹ̀ lé mi débi iṣẹ́.

Ti ọsàn ló wá burú jù. Gbogbo wọn níbẹ̀ ló mọ̀ pé ìdúró ni mo máa ń jẹun, kíá kíá. Lónìí mo bó ọsàn tán, mo jókòó, mo ń wò ó. Omi ló kún inú rẹ̀, nínú àpò kéékèèké, àpò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú awọ tirẹ̀, kò sì sí ojú ibì kankan tí wọ́n gbà rọ ọ́ wọlé. Inú ilẹ̀ ló ti fa omi yẹn mu. Mo ti fi ẹnu kan ilẹ̀ rí nígbà tí mo ṣubú lọ́mọdé, kò dùn. Báwo wá ni eléyìí ṣe dùn? Mo ní Subuhanalahi, ó sì bọ́ lẹ́nu mi sókè. Obìnrin tó wà nídìí áyọ́ọ̀nù bi mí pé ṣé ìdin ló wà nínú ẹ̀ ni. Mo ní rárá. Mo fi ìbínú jẹ ẹ́ tán.

Sátidé, 9

Ó ní kí n lọ wo ata òun wá. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo wo mọ́tò Mo-Ti-Ṣe-É lórí sìmẹ́ńtì, mo padà wọlé, mo ní ata ti yọ òdòdó. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò mọ̀. Ta ló bi mí léèrè òdòdó? Ó ní àwọ̀ wo? Mo ní funfun. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì yẹn.

“Bí Ọlọ́hun bá dá ojú yìí padà fún mi,” ó wí, “ata yẹn ni màá kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ ìyá yín ló gbin àkọ́kọ́ síbẹ̀.”

Mo sunkún nínú ilé ìdáná. Ẹkún tán, mo gòkè lọ bá Mo-Ti-Ṣe-É, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ fún un. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Kò wo oúnjẹ rẹ̀, fóònù ló ń wò. Ó ní tí inú bá bí Bàbá, tí ojú yẹn bá bàjẹ́, ọrùn mi ló máa wà. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ ibi tó ti ń mú mi.

Àlàdì, 10

Mo dúró de Ààfáà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin. Mo ní ẹnì kan ni o, kì í ṣe èmi o: tí wọ́n bá bu erùpẹ̀ ibòmíì fún un, tí wọ́n ní ti ọgbà rẹ̀ ni, ṣé ìrun rẹ̀ dá? Ó ní erùpẹ̀ tó bá ti mọ́ ti mọ́, ilẹ̀ Ọlọ́hun kan náà ni, ìrun rẹ̀ dá. Mo dúpẹ́. Ó wá wò mí. Ó ní ta ló ń purọ́ fún ẹni náà? Mo ní Ààfáà, mo ń kánjú.

Àtàlátà, 12

Ìrẹsì. Ó ní kí n mú hóró kan ṣoṣo. Ẹ gbà mí.

Àlàmísì, 14

Ó fẹ́ jẹ nínú ata òun. Mo rin oòrùn lọ sọ́jà, mo ra ata, mo ṣa èyí tó ṣì ní igi lórí. Ó dì í mú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Mo ní ó pupa, ó ń dán, orí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó ṣe Bisimilahi, ó bù ú jẹ.

Ó ní ata yìí mà kánjú o. Òdòdó ní Sátidé, ata pípọ́n lónìí. “Ọlọ́hun tóbi,” ó wí, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

Irọ́ ni mo ń pa, mi ò sì mọ ọ́n pa.

Jímọ̀, 15

Aránṣọ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Gbòǹgbò òdòdó rẹ̀ ti yọ síta. Ó bi mí pé ṣé erùpẹ̀ la ti wá ń jẹ nílé wa ni. Mo ní ó fẹ́ẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Àtìní, 18

Wọ́n tú báńdéèjì.

Dókítà gbé ọwọ́ sókè, ó ní Bàbá, kí lẹ rí?

“Ìmọ́lẹ̀,” Bàbá wí. “Ìmọ́lẹ̀, àti nǹkan kan tó ń mì.”

Ọwọ́ dókítà ni nǹkan tó ń mì. Wọ́n tan iná sínú ojú náà, wọ́n pe dókítà míì, òun náà wò ó. Wọ́n ní iṣan tó wà lẹ́yìn ojú ti kú kí a tó gbé e wá. Ibi tó máa dé ló dé yẹn. Kí omi ṣì má kan án fún ìgbà díẹ̀. Bàbá ní Alhamdulillahi. Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Èmi ni mo wá ibi jókòó sí.

Mo-Ti-Ṣe-É fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó nujú tán, ó ní: “Ó kúkú ti yanjú ọ̀rọ̀ ọgbà. Kò sídìí tí a fi máa sọ fún un mọ́.”

Kò fi ṣe ìkà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó rò pé ìtura ló fún mi. Kí n máa bu erùpẹ̀ olódòdó, kí n máa ròyìn ata tí kò sí, lójoojúmọ́ ayé, títí wọ́n á fi gbé Bàbá náà wọ ilẹ̀? Gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu, kò ṣeé sọ sí ẹ̀gbọ́n ẹni.

Àtàlátà, 19

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù jó gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá fẹ́.

Láàárọ̀ mo gbé búrẹ́dì àti ẹyin síwájú Bàbá. Ó ní kí n bá òun wò ó. Mo ní ohun kan wà tí a máa kọ́kọ́ wò. Mo bọ́ sálúbàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo fà á lọ́wọ́ jáde sẹ́yìn. Ó tẹ sìmẹ́ńtì. Ó fi ẹsẹ̀ wá ọ̀tún, ó fi wá òsì.

“Bàbá, sìmẹ́ńtì ni,” mo wí. “Kò sí ata. Kò sí òdòdó. Inú ìkòkò aránṣọ ni mo ti ń bu erùpẹ̀ yín. Irọ́ ni mo ń pa fún yín.”

Mo ń retí ìbínú. Mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ó lè parí. Ó wá ní:

“Wò ó fún mi.”

Mo wò ó. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọ̀ eérú ni, ó dán níbì kan, ó rí págunpàgun níbì kejì, òróró mọ́tò ti ta sí i láàárín, ojú táyà hàn. Kò sí èèrà kankan lórí rẹ̀. Lẹ́bàá ògiri níbi tí Màmá máa ń jókòó ṣa ata, páìpù omi ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ń bomi rin. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń sunkún, inú sì ń bí mi pé mo ń sunkún.

Mo-Ti-Ṣe-É sọ̀ kalẹ̀ wá. Bàbá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo.

“Ọlọ́hun ní Òun da omi sílẹ̀, Ó wá la ilẹ̀, oúnjẹ sì jáde,” ó wí. “Kò sọ níbì kankan pé Òun rẹ́ ẹ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní Bàbá, ẹ má bínú, mo ti ṣe é —

“O ti ṣe é. Ó kù kí o tú u.”

Òun fúnra rẹ̀ ló tú u o. Ó lọ yá dígà lọ́wọ́ bíríkìlà kan náà, ó gbé mọ́tò kúrò, ó bọ́ ẹ̀wù, ikùn rẹ̀ síwájú. Mo gbé àga fún Bàbá. Bí irin bá ṣe ń balẹ̀ ni Bàbá ń wí pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ẹ̀gbọ́n mi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ní òun náà ti wá di ekòló. Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán fi máa tó, ibi tó là ò ju ẹní ìkírun kan lọ.

Mo bu erùpẹ̀ níbẹ̀ sínú abọ́. Bàbá ní kí ló wà nísàlẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan, kò sí gbòǹgbò, kò sí ekòló gidi, erùpẹ̀ lásán ni, ó ti gbẹ, èérún sìmẹ́ńtì wà nínú rẹ̀. Mo ṣà wọ́n kúrò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu erùpẹ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú abọ́, kò tètè gbé e.

“Èyí ni tèmi,” ó wí.

Mo ní Bàbá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ó ní ilẹ̀ òun kì í rùn bí òdòdó. Mo ní láti ọjọ́ wo? Ó ní láti ọjọ́ kìíní. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?

“Mo ń dúró dè ẹ́ ni, Àbíkẹ́yìn.”

Baba yìí á pa mí. Ata tí mo rin oòrùn lọ rà! Òdòdó funfun! Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń yin Ọlọ́hun lé e lórí, ó sì ń dúró dè mí. Bí inú ṣe ń bí mi tó yìí, mi ò lè gbójú sókè.

Ó kírun tán. Ó ní oúnjẹ òun àárọ̀ dà. Mo ní ó ti tutù, kí n lọ ṣe òmíì. Ó ní kí n gbé e wá bẹ́ẹ̀, kí n bá òun wò ó. Mo fa àga, mo jókòó tì í.

Mo ní búrẹ́dì ni, Bàbá. Ẹ̀bá rẹ̀ ti gbẹ. Ẹyin náà ti tutù. Eruku sìmẹ́ńtì ti bà lé e díẹ̀.

Ó ní Bisimilahi, ó nawọ́ sí i.