Epo Tí Ẹ Máa Ń Mu Tí Ẹ Bá Fín Kòkó Tán

Bàbá mi tí mo fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn ní Ajue,

Ọmọ yín kí yín o. Inú gáréèjì Ore ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí, ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ kò tíì kún. Mo ti fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀ wò bí ẹ ti máa ń ṣe, dírẹ́bà sì wò mí bí ẹni tó ń wo aṣiwèrè. Mo ra búrẹ́dì, n kò lè jẹ ẹ́. Àyà mi ń já, Bàbá, ó ń já láti àná, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún láìtijú mọ́ àfi ẹ̀yin.

Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ yunifásítì wa fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Owó kan wà tí wọ́n ń fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí nípa àìsàn àti ara ènìyàn, ṣùgbọ́n èèyàn kò lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tó ni owó náà. Yunifásítì ló máa mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa, orúkọ ẹni yẹn ni wọn yóò fi ránṣẹ́. Àwọn tí a jọ ń du ú mọ̀wé jù mí lọ. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé lókè òkun dé ni, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti kó o fún un ná. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ wádìí. Epo yín ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bá fín oògùn sí kòkó. Ẹ ó ti oko dé tẹ̀yin ti ẹ̀rọ lẹ́yìn, oògùn á ti funfun sí yín nípéǹpéjú, ẹ ó máa sín, ẹ ó sì ní ata ni. Kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, Ìyá á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀pù onírin tó kún fún epo pupa. Ìyá á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí ẹni tó ń gbé nǹkan mímu fúnni ti ń ṣe. Ẹ ó wá gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó fún ojú pọ̀ bí ọmọdé tó mu àgbo, ẹ ó sì gbé kọ́ọ̀pù fún mi kí n fi ìka lá èyí tó kù. Gbogbo Ajue ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò tó wá dáko lọ́dọ̀ wa pàápàá kọ́ ọ lára wa. Epo ni ẹ̀rọ̀, epo ló ń pa oró, ta ló máa jiyàn ẹ̀?

Èmi ni mo fẹ́ jiyàn ẹ̀ báyìí. Àwọn oògùn kòkó kan wà tó jẹ́ pé inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń yọ́, wọn kì í fẹ́ yọ́ nínú omi. Mo wá ń bi ara mi pé ṣé epo ń fọ oògùn kúrò nínú ara àgbẹ̀ ni, àbí òun gan-an ló ń sin ín wọ ẹ̀dọ̀? Ọ̀gá mi ní ẹ̀ka wa fẹ́ràn ìbéèrè yìí débi pé wọ́n dìde lórí àga. Mo sì kọ ọ́ dáadáa sínú ìwé tí mo fún yunifásítì. “Àwọn àgbẹ̀” ni mo ń pè yín jálẹ̀jálẹ̀, bí ẹni pé n kò mọ̀ yín rí. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú bàbá mi pọ́n bí èso ìyeyè, pé ikùn wọn wú, kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀. Kò sí dókítà tó sọ ohun tó fà á fún wa. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?

Mo ti ń tan ara mi pé ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí wọ́n má fún mi. Bí wọ́n bá wá fún mi ńkọ́? Bí ìwádìí bá fi hàn pé epo ló ń sin oògùn wọlé, ta ló fẹ́ sọ fún Ìyá? Ọwọ́ ta ló ń gbé kọ́ọ̀pù yẹn fún yín ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Títí di òní, Ìyá ṣì ń bu epo fún àwọn tó ń dá oko wa, tìfẹ́tìfẹ́. Mo fẹ́ mọ òtítọ́, n kò sì fẹ́ kó tú ilé wa ká. Ṣé irú mi tó ìwádìí ṣe?

Yunifásítì ní kí a kọ́kọ́ lọ ṣàlàyé fún àwọn ará abúlé, kí wọ́n gbà, kí a tó fi wọ́n kún ìwádìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ ọjà Odigbo, tí Ìyá máa ń lọ ta epo, kí wọ́n má bàa gbọ́. Ìyá kò lọ sọ́jà. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó síwájú pátápátá. Mo sọ ọ́, Bàbá, títí dórí ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ tí a máa gbà yẹ̀wò. Ilẹ̀ ni mo ń wò, mo sọ ọ́ tán. Gbogbo ojú yí sí Ìyá. Ìyá dìde, wọ́n gba ọ̀nà ilé lọ. Mo ní ó parí nìyẹn, mo ti fi ìwé ba ilé jẹ́.

Ìyá padà wá. Wọ́n ti fọ kọ́ọ̀pù yẹn, wọ́n gbé e ka orí tábìlì níwájú mi. Wọ́n ká apá bùbá wọn sókè, wọ́n na apá sí mi lójú gbogbo èèyàn.

“Èmi náà máa ń tọ́ ọ wò kí n tó gbé e fún bàbá rẹ. Ẹ̀jẹ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ gbà.”

N kò ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. N kò tíì ní ìyọ̀ǹda láti gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo gbé wá. Mo ṣàlàyé pé ó di ìgbà tí wọ́n bá fún wa lówó. Ìyá ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ apá aṣọ wọn kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó jókòó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká tiwọn. Ṣé láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni Ìyá ti ń rò ó, tí wọn kò rí ẹni bi?

Wọ́n ti ń pè wá kí á wọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohùn mi gbọ̀n lọ́la. Bí wọ́n bá mú ẹlòmíràn, báwo ni mo ṣe fẹ́ padà sí Ajue lọ sọ fún Ìyá pé kí wọ́n sọ apá aṣọ wọn kalẹ̀?

Èmi ni,
ọmọ yín tó máa ń fi ìka lá ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù.