Hamdalah Kọrin l'Ẹ́gbẹ́dá

Mọ́mì mi, ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o.

Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa n'Ígàndò. Lánàá, èmi àti Màmá Àgbà lọ wo Hamdalah, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré kan l'Ẹ́gbẹ́dá. Orin wọn dùn ṣá, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ jìtá ta. Ó fi oríkì kí gbogbo ará ilé wa. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún àlejò wa láti òkè òkun." Èmi náà pàtẹ́wọ́. Màmá Àgbà ń pè é ní "Àṣàkẹ́ mi" títí a fi délé. Mo bá a yọ̀, jàre.

Mọ́mì, kí ni oríkì tèmi? Ẹ má sọ fún Màmá Àgbà pé mo bi yín o. Ẹ bá mi kí Dádì.

Qonitah