Fọ́tò Mi Nínú Ìwé Ìpolówó Rẹ

Elisha,

Mo gbà pé ara yín le ní Ìgbọ̀nà. Ara tèmi náà le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa.

Ta ló ní kí o tẹ fọ́tò mi sínú ìwé ìpolówó ilé-iṣẹ́ kòkó tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀? O pè mí ní ọ̀gá ẹ̀ka yín ní Manchester, o tún fi àdírẹ́sì mi sí i. Ọ̀kan nínú àwọn olówó tí ò ń wá láti dókòwò pẹ̀lú rẹ wá kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, torí mò ń bá ìyá arúgbó tó nilé nulẹ̀ díẹ̀ ni. Ó wo fọ́tò náà, ó wò mí.

Ó ní, "Ṣé Phebe wà nílé?"

Mo ní, "Ó ti jáde."

Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní tó bá dé, kí n fún un. Bébà rẹ̀ ń dán, mi ò ní purọ́. Mo ti fà á ya.

Tí o bá tún dán irú ẹ̀ wò, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Bá mi kí Màmá ní Òṣú. Sọ fún wọn pé òtútù kì í dé ọ́fíìsì mi.

Phebe