Ojú Òpó Tí Kò Gba Màámi Wọlé

Kemta, Abẹ́òkúta

Bọ̀dá mi Tawheed,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti Àràmídé ọmọ yín. Orúnkún Bàbá ti sàn díẹ̀, wọ́n ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí.

Fóònù yín kò wọlé láti ìjẹta, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ímeèlì yìí. Màámi kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ wo fọ́tò Àràmídé lórí ojú òpó ẹbí tí ẹ ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n rí ni: "A kò lè gbà yín wọlé." Mo mọ̀ pé ṣe ni ojú òpó náà ń yẹ fóònù àlejò wò bóyá JavaScript, ètò tó ń jẹ́ kí ojú òpó ṣiṣẹ́, wà ní títàn níbẹ̀. Èmi ni mo pa á lórí fóònù Màámi, kí dátà má baà tètè tán. Mo ti tan án padà, fọ́tò sì jáde, ṣùgbọ́n wọn kò gbà mí gbọ́.

"Lubabah, má tàn mí. Ìwọ lo lọ bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i fún mi. Ọmọ mi ti lé mi lẹ́nu ọ̀nà."

Mo kúnlẹ̀ títí, pàbó ni. Láàárọ̀ yìí, ahọ́n wọn ti ń wúwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ná. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ bá wọn láyé. Oògùn wà lọ́wọ́ mi, omi wà nínú ife. Ohùn yín nìkan ló kù.

Àbúrò yín,
Lubabah