Etí Òsì Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín tìyàwó tọmọ. Ara Màmá ti ń mókun nílé ìwòsàn wa.

Èmi nọ́ọ̀sì tí ò ní wọ́ọ̀dù, ibi tí èèyàn bá ti dín ni wọ́n ń jù mí sí. Lánàá, mo bẹ mátírọ́ọ̀nù pé kó fi mí sọ́dọ̀ Màmá. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó rán irú mi mìíràn. Ìyẹn ò mọ̀ pé etí òsì nìkan ni Màmá fi ń gbọ́rọ̀. Apá ọ̀tún ló ti bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹun. Wọn ò dáhùn, ló bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kọ oúnjẹ.

Mo ń bú u, Màmá ní: "Ṣé bẹ́ẹ̀ nìwọ náà ń ṣe ìyá oníyàá?"

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ pe Màmá, ẹ bá mi fèsì ìbéèrè wọn.