Ọ́ìlì Dúdú Nínú Kànga Ìyá Ráfátù

Natako, Ọjọ́ Ẹtì, 15 Òkúdù 1984

Ìyá Ráfátù tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi gbé korobá omi wá bá mi lónìí. Ọ́ìlì ń dán lójú omi náà.

"Bàbá Délé, ta ló kórìíra mi tó báyìí, tó da nǹkan sí kànga mi?"

Mo wo inú korobá náà. Ọ́ìlì dúdú tí mo máa ń fà nínú mọ́tò ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń dà á sílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kí eruku má baà bo ata tí Ìyá Ráfátù bá sá. Àdúrà ló máa ń gbà fún mi! Òjò ti wá gbá a wọ kànga.

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó bẹ̀ mí kí n máa bá òun ṣọ́ kànga náà. Mo ní màá ṣọ́ ọ.