Èkejì Adákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 16 Nòfẹ́ńbà 2009
Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ ojú omi kan dúró ní Ìpakodò láàárọ̀. Ọmọdé ló kún inú rẹ̀, kò sí bàbá, kò sí ìyá. Láti ilẹ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti ń kó wọn bọ̀, wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sí ilé kan ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kó àwọn obìnrin márùn-ún wá fún wa ní ilé ìtọ́jú ọmọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀dẹ́ níbí. Nítorí àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ tí rédíò ń pariwo, wọn ò gbọdọ̀ jáde, a ò sì gbọdọ̀ gbàlejò. Ìyá Mùlíkátù tó ń dáná fún wa ní òun ò ní bo imú: "Èmi tí mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Mẹ́rin ń sunkún ṣáá. Ìkarùn-ún ò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Á tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo sọ ọ́ ní Adákẹ́. Adákẹ́ má fọhùn — ta ló mọ tinú ẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 19
Adákẹ́ ń pín oúnjẹ sí méjì. Búrẹ́dì — méjì. Ẹ̀wà — méjì. Á jẹ ìdajì, á gbé ìdajì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ìyá Mùlíkátù ní eku máa kún ilé. Mo bi ọmọ náà lórúkọ. Kẹ́hìndé. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ìbejì ni ìyá tèmi náà, èkejì rẹ̀ ti lọ láti kékeré, títí ó fi darúgbó ló ń bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ẹni bá bi í léèrè, àbàrá ló máa jẹ.
Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé: ẹ má bi ọmọ yìí ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21
Ó lanu lónìí! Ó di aṣọ mi mú, ó ní "Táyé…" Mo yáa gbá a mọ́ra. Mo ní, "Ó tó, ọmọ mi. A kì í pè é. Jẹ́ kó sinmi." Ó wò mí, ó dákẹ́. Inú mi dùn pé mo rí ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ.

Ọjọ́ Ajé, 23
Àìsàn ti wọ ilé àwọn ọkùnrin ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ kan ti kú. Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́rú, 25
Adákẹ́ ò jẹun. Ó kàn pín in ni.

Ọjọ́bọ̀, 26
Tìrìmísíyù tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹja wá fún wa láti Ẹ̀pẹ́ dúró lẹ́nu géètì. Òun náà ló ń gbé e fún àwọn ọkùnrin yẹn. Ó ní, "Àǹtí Dùnsìn, ọmọ kan ń ṣàìsàn níbẹ̀, àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Tí wọ́n bá fún un ní búrẹ́dì, á pín in sí méjì, á ní apá kan kì í ṣe tòun."
Mo sáré wọlé lọ bi Kẹ́hìndé: níbo ni Táyé wà? Ó ní inú ọkọ̀ kan náà làwọn jọ wà, ọlọ́pàá kó o mọ́ àwọn ọkùnrin. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"
"Ẹ ní a kì í pè é."
Ọmọ tó wà láàyè ni mo fi ẹnu ara mi sin. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Iléyá. Ìyá Mùlíkátù gbé ẹran wá, n ò lè fẹnu kàn án. Mo pe Aláṣẹ — ọ̀gá tí ìjọba fi ṣe olórí wa. Ó ní, "No visitor, madam. Táyé ò tíì kú, àmọ́ ó le. Ṣé ẹ fẹ́ kí èyí tó kù náà kó o ni?" Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
N ò sọ fún Aláṣẹ. Èmi àti Kẹ́hìndé wọ ọkọ̀ Tìrìmísíyù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ojú fèrèsé ni ká dúró sí. Táyé wà lórí ẹní, ó ti rù kan egungun, ó ń wúkọ́, kò gbórí sókè. Kẹ́hìndé já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré wọlé, ó dùbúlẹ̀ tì í, wọ́n fi iwájú orí kan ara wọn. Nọ́ọ̀sì fẹ́ wọlé lọ fà á jáde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo na apá mi méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀ ń pa ọmọ yẹn o!" N ò kúrò.

Ọjọ́ Ajé, 30
A ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́. Táyé jókòó láàárọ̀ yìí, ó mu ògì, ó tún béèrè ẹja. Ara Kẹ́hìndé ti ń gbóná láti ìdájí.